Àjọkẹ́, ọ̀nà kan ò wọjà

Àjọkẹ́ mi,

Báwo ni òtútù ibẹ̀ yẹn? Mo ti gbọ́ fọ́ìsì nóòtì gígùn tó o fi ránṣẹ́ tán pátápátá. O ní o ò ṣe lọ́ọ̀ mọ́, orin táwọn èèyàn ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Paris ní bí 800 ọdún sẹ́yìn lo fẹ́ fi gba PhD. Bàbá ẹ kékeré ti pè mí lórí ẹ̀, ó ní ṣé orin òkú òyìnbó lọmọ á máa jẹ láàárọ̀ ni. Mo jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán, mo ní ó ṣeun. Mi ò ní sọ pé kó o má ṣe é o, ohun tí mo fẹ́ kó o gbọ́ ni pé tó o bá máa wọ inú iṣẹ́ yìí, má gbára lé ipò lẹ́kítọ́rà nìkan, torí ọ̀nà kan ò wọjà.

O mọ̀ pé mi ò kí ń gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àtìgbà tó o ti sọ ọ́ ni mo ti ń ka nǹkan nípa àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ yìí ṣáájú ẹ. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti ará Faransé kan tó ń jẹ́ Edmond de Coussemaker. Adájọ́ ni o! Ó ń gbọ́ ẹjọ́ ní kọ́ọ̀tù lápá àríwá Faransé níbẹ̀, síbẹ̀ ó ráyè jókòó ti àwọn ìwé Látìn táwọn olùkọ́ orin ayé àtijọ́ kọ, nígbà tó di 1864 ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wọ́n jáde. Inú àkójọ ẹ̀ yẹn ni ọmọ iléèwé kan wà tí kò kọ orúkọ ara ẹ̀ síwèé, tí gbogbo ayé wá ń pè ní Anonymous IV torí òun ló ṣe ìkẹrin nínú àwọn aláìlórúkọ tí adájọ́ tò síbẹ̀. Wọ́n ní ó jọ pé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni, tó wá kàwé ní Paris. Òun ló sọ fún wa pé Léonin ló mọ organum, ìyẹn orin ṣọ́ọ̀ṣì olóhùn púpọ̀, kọ jù láyé ìgbà tiẹ̀, pé Pérotin ló wá gé iṣẹ́ yẹn kúrú tó sì tún un ṣe. Àwọn ìwé orin fúnra wọn ò dárúkọ ẹnì kankan. Ká ní ọmọ yẹn ò kọ nóòtì ẹ̀ dáadáa ni, à bá máa gbọ́ orin yẹn lónìí láìmọ ẹni tó ni ín. Torí náà tó o bá wà nínú láíbìrì, máa kọ nǹkan sílẹ̀, máa kọ déètì àti nọ́ńbà ojú ìwé sí i, má sọ pé orí ẹ á rántí.

Mo gbọ́ Viderunt omnes, orin Pérotin tó o fi ránṣẹ́ náà. Àwọn mẹ́rin ló ń kọ ọ́, ẹni ìsàlẹ̀ mú "Vi" yẹn dání, kò kúrò lójú kan, àwọn mẹ́ta tó kù wá ń sáré lókè ẹ̀, wọ́n ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ara wọn, omi tí mo gbé kaná ti ń hó kí wọ́n tó kúrò lórí sílébù kan ṣoṣo yẹn. Wọ́n so ó mọ́ ọdún 1198 torí pé ọdún yẹn ni bíṣọ́ọ̀bù Paris, Eudes de Sully, pàṣẹ nípa àjọ̀dún Ìkọlà Jésù, tó dárúkọ orin olóhùn mẹ́ta àti mẹ́rin níbẹ̀. Ó dùn o, irọ́ ò sí ńbẹ̀. Àmọ́ èyí tó gbà mí lọ́kàn ni ohun tó o ṣàlàyé nípa ìwé orin àfọwọ́kọ tó wà ní Florence yẹn, pé àmì kan lásán ò sọ bí ohùn ṣe máa pẹ́ tó, ara bí wọ́n ṣe so wọ́n pọ̀ lẹ ti ń mọ̀ ọ́n, tẹ́ ẹ bá rí mẹ́ta tó so pọ̀ tí méjì-méjì wá tẹ̀ lé e, ẹ mọ̀ pé èyí gùn, èyí kúrú, àfi ìgbà tí olùkọ́ orin kan, Franco ará Cologne, ní bí 1280 wá ní kí ìrísí àmì fúnra ẹ̀ máa sọ bó ṣe gùn tó. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ àríyànjiyàn lo fẹ́ ṣe. Gbogbo ohun tó o bá kọ, ẹnìkan á dìde ní ìpàdé pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣé o rántí bó o ṣe máa ń sunkún tí tíṣà bá fa bírò pupa sí iṣẹ́ ẹ? Ó tó àkókò kó o fi ìyẹn sílẹ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ ìwé fúnra ẹ̀. Mo ti pẹ́ nínú yàrá fáìlì kọ́ọ̀tù, mo mọ ohun tí eruku àti ikán ń ṣe. Mo wo fọ́tò ìwé orin àtijọ́ tó o ní kí n wò lórí DIAMM, wẹ́ẹ̀bù tí wọ́n ń kó irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ sí, ọ̀bẹ ti gba àárín ìlà orin kọjá, gọ́ọ̀mù ti mú apá kan dúdú, ìdajì ọ̀rọ̀ ti lọ. Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yí ẹ̀sìn padà ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn, ìwé orin Látìn ò wúlò fún wọn mọ́, wọ́n ń gé awọ ẹ̀ fi di ẹ̀yìn ìwé míì. Margaret Bent àti Andrew Wathey ló dá DIAMM sílẹ̀ ní 1998 láti ya irú àwókù bẹ́ẹ̀ ní fọ́tò tó mọ́lẹ̀ kedere. Wo ibẹ̀ yẹn dáadáa. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ya ìwé àtijọ́, tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà yọ ohun tó ti pa rẹ́, tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe kátálọ́ọ̀gì, láíbìrì lè gbà á síṣẹ́ bí yunifásítì ò bá tiẹ̀ gbà á. Kọ́ ọ báyìí tó o ṣì wà nílé ìwé, kódà tí wọn ò bá san kọ́bọ̀ fún ẹ.

Látìn ńkọ́? Mo mọ̀ pé o lè kà á díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ò tó. Jámánì náà sì pọn dandan, torí Jámánì ni Friedrich Ludwig fi kọ kátálọ́ọ̀gì orin àtijọ́ ẹ̀ tí gbogbo yín ṣì ń tọ́ka sí. Ọkùnrin yẹn ń ti láíbìrì kan bọ́ sí òmíràn, ó ń fi ọwọ́ da orin kọ kiri. Ó gbé apá kìíní jáde ní 1910, ó kú ní 1930, ìyókù wá dúró lẹ́yìn ẹ̀ ju 30 ọdún lọ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Kí ló ń dúró dè, Ọlọ́run ló mọ̀. Ìwọ máa tẹ tìẹ jáde ní kékeré-kékeré jàre.

Àti pé kọ orin yẹn lẹ́nu. Christopher Page, tó padà wá di olùkọ́ lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Cambridge, dá ẹgbẹ́ akọrin Gothic Voices sílẹ̀ ní 1980, àwo tí wọ́n fi orin Hildegard, sístà Àgùdà ará Jámánì kan, ṣe ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ obìnrin yẹn tó ti kú láti 1179. Bó o bá ń kọrin pẹ̀lú àwọn èèyàn lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀, o ò ní di ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ nínú yàrá.

Wọ́n á bi ẹ́ o, má jẹ́ kó bá ẹ lójijì. Wọ́n á ní ṣé kì í ṣe ìlù Yorùbá ló yẹ kó o máa kọ́, àwọn míì á fi ẹ̀rín sọ ọ́. Sọ fún wọn pé ìyá màmá ẹ, Àgùdà paraku, ń kọ orin Máàsì tí wọ́n ń pè ní Missa de Angelis ní Látìn láràárọ̀ ọjọ́ Sunday kí Póòpù tó gbà kí wọ́n máa fi Yorùbá ṣe Máàsì, kò gbọ́ Látìn kankan, síbẹ̀ kò ṣi ohùn kan pè. Tí ìyẹn ò bá tó wọn, máa bá iṣẹ́ ẹ lọ, o ò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù, èmi ò sì ní fi ṣàwàdà. Má fi owó ara ẹ ṣe PhD yìí, má yáwó sí i. Tí AHRC, àjọ tó ń fi owó ìjọba ilẹ̀ Britain ran ìwádìí lọ́wọ́, tàbí yunifásítì yẹn ò bá san án, sùúrù, dúró dọdún tó ń bọ̀ kó o tún gbìyànjú, kó o máa ṣiṣẹ́ láàárín. Iṣẹ́ lẹ́kítọ́rà nínú orin àtijọ́ ò pọ̀, àwọn dìpátímẹ́ǹtì orin kan níbẹ̀ ti kógbá wọlé láìpẹ́ yìí, àwọn tó ríṣẹ́ gan-an, kọ́ńtíráàtì ọdún kan tàbí méjì ni wọ́n máa ń fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí wọ́n bá ní kó o wá fi kíláàsì díẹ̀ kún iṣẹ́ ẹ, béèrè iye tí wọ́n ń san àti bóyá àkókò tó o fi ń múra sílẹ̀ wà nínú ẹ̀. Ojú kì í tì mí láti béèrè owó, kó má ti ìwọ náà.

Súpafáísọ̀ yẹn ńkọ́, ọdún mélòó ló kù kó fẹ̀yìn tì? Bi í, má tijú. Bí lẹ́tà owó bá sì dé, má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan, ya gbogbo ojú ewé ẹ̀ ní fọ́tò kó o fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wàásápù, pàápàá apá kékeré tó máa ń wà nísàlẹ̀ yẹn. Mo fẹ́ kà á fúnra mi, lẹ́yìn náà a lè jọ pe bàbá ẹ kékeré.

Èmi ni,
Màmá ẹ.