Iṣẹ́ Ẹrú: Lẹ́tà sí Àwọn Ọ̀dọ́ Ìbàdàn

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú ìrọ́jú ìlú. Lọ́jọ́ kan, mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ládùúgbò wa tó ń gba nọ́ńbà káàdì ìdìbò àwọn ìyálọ́jà, tó ń kọ ọ́ sínú ìwé, nítorí ìbò ààrẹ ọdún 2027. Mo bi í pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ó ní, "Bàbá, àwọn ọ̀gá ló mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mò ń jẹ́." N kò rí oorun sùn lóru ọjọ́ náà, torí èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Ọdún 1983 ni. Tíṣà ni mí nígbà náà, ẹgbẹ́ kan sì fi mí ṣe àgéńtì níbi tí wọ́n ti ń dìbò ààrẹ, lẹ́bàá Bẹẹrẹ. A ka ìbò tán nírọ̀lẹ́, ọ̀gá wa ní kí n lọ jẹun. Nígbà tí mo fi padà dé, iye tó wà lórí ìwé kọ́ ni iye tí a jọ kà. Ẹgbẹ́ tèmi ni wọ́n bù kún. Ọ̀gá na bírò sí mi, mo sì bọwọ́ lùwé. N kò gba kọ́bọ̀. Mo ní lọ́kàn ara mi pé àwọn ti ọ̀hún náà ń ṣe tiwọn níbòmíì.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, àwọn sójà gbàjọba. N kò ní ìbọwọ́lùwé tèmi ló pè wọ́n wá. Ṣùgbọ́n mo rí àwọn èèyàn tó ń yọ̀ lójú títì, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbà pé àwọn ló yan ìjọba tó lọ.

Ó sì yẹ kí n ti gbọ́n. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí lọ́dún 1965, nígbà tí wọ́n kéde àwọn olùdíje kan pé wọ́n wọlé láìní alátakò, torí àwọn òṣìṣẹ́ tó yẹ kó gba fọ́ọ̀mù alátakò ti sá pamọ́. Ohun tó tẹ̀ lé e ni Wẹ́tíẹ̀: wọ́n ń da bẹntiróòlù sílé, sára èèyàn, wọ́n ń ṣáná sí i. Òórùn yẹn kò tíì kúrò nímú mi.

Dìbò-kóo-sebẹ̀, gbangba ni wọ́n ti ń ṣe é. Ti kọ̀rọ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Ní Amẹ́ríkà, lóṣù Kẹfà ọdún 1972, ọwọ́ tẹ ọkùnrin márùn-ún ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ alátakò nínú ilé ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Watergate, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Àwọn èèyàn Ààrẹ Nixon ló rán wọn. Ó sì wọlé ní ìpínlẹ̀ 49 nínú 50 lóṣù Kọkànlá! Kí ni wọ́n ń wá lọ sí ọ́fíìsì ọlọ́fíìsì? Lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 1974 ó kọ̀wé fipò sílẹ̀, ẹni tó gbapò rẹ̀ sì dárí jì í kí oṣù tó tẹ̀ lé e tó parí. Àwọn tí wọ́n rán níṣẹ́ ló lọ sẹ́wọ̀n.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bí ẹ bá ṣe àgéńtì, ẹ má kúrò níbẹ̀ títí wọ́n á fi ka ìbò tán. Bí ebi bá ń pa yín, ẹ gbé búrẹ́dì dání. Ẹ má bọwọ́ lu fọ́ọ̀mù tí iye ibẹ̀ yàtọ̀. Ẹ fi fóònù ya fọ́ọ̀mù náà, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tiyín. Ẹ má fi gbogbo rẹ̀ ti ẹ̀rọ: lọ́jọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023, èsì ti àwọn aṣòfin ń gòkè sórí IReV, ìkànnì ayélujára tí àjọ elétò ìdìbò ń gbé èsì sí, ti ààrẹ kò gòkè.

Ìwọ ọmọ tí mo bá níbi ìwé nọ́ńbà ọjọ́ yẹn, o mọ ilé mi. Gbé ìwé náà wá, ká jọ lọ bá àwọn ìyálọ́jà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i bí o ṣe ń fa orúkọ wọn ya. Màá bá ọ rìn dé ìsọ̀ tó kẹ́yìn.

Èmi ni bàbá yín,
Ìbàdàn.