Ẹ Má Jẹ́ Kí Àmì Ohùn Sọnù Lórí Fóònù

Sí Olóòtú,

Láàárín ìgboro Àkúrẹ́, lójú ọ̀nà Ọba Adésídà, ni mo ti máa ń ra ìwé ìròyìn Yorùbá tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n orí fóònù ni mo ti ń kà á báyìí, níbi tí mo ti lè sọ lẹ́tà di ńlá fún ojú àgbà. Ohun tó ń dùn mí gidigidi ni pé ọ̀pọ̀ ìròyìn ibẹ̀ kò ní àmì kankan, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá rí “oko” yóò kọ́kọ́ dúró rò ó bóyá ọkọ ìyàwó, ọkọ́ àgbẹ̀ tàbí ọkọ̀ èrò ni. Bẹ́ẹ̀, Gboard, pátákó ìtẹ̀wé Google lórí fóònù tí a lè fi tẹ Yorùbá pẹ̀lú àmì, wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn akọ̀ròyìn yín máa lò ó.

Òǹkàwé yín,
Àkúrẹ́.