Lẹ́tà sí àbúrò mi tó wà lẹ́nu iṣẹ́ télọ̀

Àbúrò mi àtàtà,

Mo gbọ́ ohùn tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ àná. O ní ọ̀gá yín fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ yín ní aṣọ gígé, o sì ti ń wá ọ̀nà àtisá, torí pé gbogbo ilé ló mọ̀ pé orí rẹ kò gba ìṣirò. Má bínú, ẹ̀rín ni mo fi rín. Mo wà nílé lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Pírámárì 4 lo wà, o mú káàdì ilé ìwé dé, inú Màmá ò dùn sí ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀. Látọjọ́ náà ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di oríkì rẹ.

Jẹ́ ká fi tépù ọrùn rẹ yẹn sọ ọ́. Ínǹṣì 60 ló wà lójú kan. Sẹ̀ntímítà ló wà lójú kejì, èyí tí àwa kì í sábà yà sí. Láti àwọn ọdún 1970 nìjọba ti ní mítà ni ká máa lò, ṣùgbọ́n dé ọjà Gbági n'Íbàdàn níbí kó o béèrè ańkárá ní mítà, wàá rí ojú tí wọ́n máa fi wò ọ́! Yáàdì ni wọ́n ń tà, ínǹṣì la fi ń rán an.

Tépù kì í wọn èèyàn sílẹ̀ de ọdún tó ń bọ̀. Àwọn oníbàárà wa kan ò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n á gbé aṣọ dé, wọ́n á ní, "Ìwọ̀n mi ṣáà wà nínú ìwé yín, ẹ kàn bá mi gé e." Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í bá wọn jiyàn. Wọ́n á kàn dìde, wọ́n á ní, "Ẹ bá mi gbápá sókè." Obìnrin kan gbé léèsì ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ wá báyìí. Ìwé wa ní igbáàyà rẹ̀ jẹ́ 38, tépù ní 43. Ó ti bímọ láàárín. Bẹ́ẹ̀ ìwé ò purọ́ o. Òótọ́ ni 38 lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́.

Káàdì Pírámárì 4 yẹn náà, òótọ́ ni. Ta ló wá tún ọ wọ̀n látìgbà náà? Ìwọ fúnra rẹ lo ṣàlàyé síkẹ́ẹ̀tì fún mi lórí fóònù láìpẹ́ yìí: ìbàdí 42, pín in sí 4, ó di 10 àbọ̀, fi ínǹṣì kan lé e kí aṣọ lè mí, kí a sì ríbi rán, ó di 11 àbọ̀. O ò dúró mí. Ìṣirò wo ló tún kù tó ń bà ọ́ lẹ́rù?

Nǹkan kan ni mo fẹ́ kó o ṣọ́ra fún. Ṣé o ti rí àwọn tó máa ń fa ikùn wọlé tí tépù bá ti kàn wọ́n? Lọ́jọ́ òde, nígbà tí wọ́n bá jókòó sídìí ìrẹsì, síìpù ló ń tú àṣírí. Bí ọ̀gá bá béèrè bóyá ó yé ọ, tí kò sì yé ọ, má fa ikùn wọlé fún wọn. Ní kí wọ́n tún un ṣe.

Ìṣẹ́tí náà tún wà. Yúnífọ́ọ̀mù wa nígbà yẹn, Màmá máa ń dúró ti télọ̀ lórí ni, àfi kó ṣẹ́ ẹ sínú dáadáa. Bá a bá ti ń ga, wọ́n ń tú u sílẹ̀, kódà àmì ibi tí wọ́n ti tú u máa ń hàn, tí àwọn ọmọ kíláàsì á máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ara ti èmi ò gbà á nígbà náà. Ní báyìí, mi ò lè gé aṣọ ọmọdé láì fi àyè sílẹ̀.

Mo fi tépù tuntun rán awakọ̀ tó ń bọ̀ l'Óṣogbo. Tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà onígi ọ̀gá rẹ kó o tó lò ó, kó o sì yẹ ti àtijọ́ wò, torí tépù máa ń fà tó bá ti pẹ́.

Bá mi kí Màmá. Bùbá wọn ti parí, síkẹ́ẹ̀tì ló kù, Iléyá sì ti dé tán. Bá mi tún ìbàdí wọn wọ̀n, kó o fi ránṣẹ́ kó tó di Sátidé. Pín in sí 4 kó o tó fi ránṣẹ́ o.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ.