Kp nìkan kò tó fún ìṣirò ìjì oòrùn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Nínú ìròyìn ìjì oòrùn yín, Kp nìkan lẹ máa ń tẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà 0 sí 9 tó ń sọ bí ìjì oòrùn ṣe da agbára òòfà ayé láàmú tó. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kejì, ọdún 2022, wọ́n gbé sátẹ́láìtì Starlink 49 lọ sókè, nǹkan bí 210 kìlómítà. Ìjì oòrùn tí kò tilẹ̀ le púpọ̀ mú afẹ́fẹ́ òkè gbóná, ó wú, ó sì ki sí i lójú ọ̀nà wọn. Ó dín eré wọn kù, ó fà wọ́n sílẹ̀. 38 ló jóná.

Ètò ìṣirò kọ̀ǹpútà bíi TIE-GCM máa ń pín òfuurufú òkè sí ìpele-ìpele, á máa ṣírò ooru àti ìṣàn afẹ́fẹ́ níbẹ̀ láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi bọ́ ọ ló máa bì jáde. Nọ́ńbà Kp kan ṣoṣo ló ń dúró fún wákàtí 3 gbáko, bẹ́ẹ̀ agbára ìjì lè yí padà gan-an láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú! Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ oòrùn (èérún tó ń fẹ́ wá láti ara oòrùn) láti ọ̀dọ̀ ọkọ̀ ìwádìí tó wà ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ kìlómítà sí wa ló sàn jù, pàápàá Bz, ìyẹn apá agbára òòfà inú afẹ́fẹ́ oòrùn tó ń kọjú sí àríwá tàbí gúúsù: bó bá ti kọjú sí gúúsù, agbára ń wọ òfuurufú wa nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa tẹ Bz náà pẹ̀lú Kp.

Àwa oníṣirò òfuurufú