Ẹ má gbé groundhog yín lọ dà sígbó ẹlòmíì

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà ẹni tó kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ní groundhog, ẹran ìgbẹ́ kan tó máa ń gbẹ́ ihò sílẹ̀, ń jẹ ẹ̀fọ́ òun, òun wá fi páńpẹ́ mú un, òun gbé e sẹ́yìn mọ́tò lọ sínú igbó kan tó jìn sílé, pé kí gbogbo àwa tá à ń dáko ẹ̀yìnkùlé nílẹ̀ Amẹ́ríkà ńbí máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n má dán an wò, torí èmi náà ti ṣe é rí, ojú sì ń tì mí dòní.

Worcester ni mò ń gbé, ní Massachusetts. Òtútù ibí kì í jẹ́ kéèyàn gbin nǹkan síta títí oṣù Karùn-ún á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, inú ilé ni mo ti ń tọ́jú ewédú àti tẹ̀tẹ̀ mi látoṣù Kẹrin, nínú ike yúgọ́ọ̀tì lójú fèrèsé, bí ẹni ń tọ́jú ọmọ tuntun. Sátidé ni mo kó wọn síta, nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú groundhog ti jẹ gbogbo ẹ̀ dé ìdí, ewúro nìkan ló ṣẹ́kù, ìyẹn kò fẹnu kàn án rárá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo ní òyà ni, torí ó sanra bọ̀kọ̀tọ̀, á tó kílò 4 dáadáa, ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tiẹ̀ ń bi mí pé ìgbà wo la máa jẹ ọbẹ̀. Kì í ṣe òyà o, mọ̀lẹ́bí ọ̀kẹ́rẹ́ ni, àfi pé inú ilẹ̀ ni tiẹ̀ ń gbé. Òun náà ni wọ́n máa ń gbé jáde lọ́jọ́ 2 oṣù Kejì ní Punxsutawney, Pennsylvania, pé kó wá sọ bóyá òtútù máa tètè lọ, látọdún 1887 ni wọ́n ti ń ṣe é. Tèmi ò sọ nǹkan kan fún mi, ó kàn ń jẹun ni.

Mo bá ra páńpẹ́ tó dà bíi kéèjì, mo gé ápù sínú ẹ̀, mo gbé e síwájú ihò ẹ̀ lábẹ́ ilé pákó tá à ń kó irinṣẹ́ sí, kò tó wákàtí méjì, gbàgà! Mo faṣọ bo kéèjì, mo gbé e sí mọ́tò ó di òdìkejì ìlú, mo ṣílẹ̀kùn fún un, ó sáré wọgbó, èmi náà ń kọrin bọ̀ nílé. Ọjọ́ kẹrin ni mo rí ọmọ mẹ́ta lẹ́nu ihò yẹn, wọn ò ju ọwọ́ mi lọ, wọ́n ń rìn tàgétàgé.

Àṣé abiyamọ ni mo gbé lọ.

Oṣù Kẹrin sí Karùn-ún ni wọ́n máa ń bímọ, mi ò sì mọ̀. Mo pe obìnrin kan tó ní láísẹ́ǹsì láti máa tọ́jú ẹran ìgbẹ́, òun ló wá kó wọn, òun náà ló sọ fún mi pé òfin Massachusetts ò gbà kéèyàn mú ẹran ìgbẹ́ níbì kan kó lọ tú u sílẹ̀ níbòmíì. Tẹ́ ẹ bá ti mú un, àfi kẹ́ ẹ tú u sílẹ̀ lórí ilẹ̀ yín níbẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ pa á lọ́nà tófin gbà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Ó ní èèyàn lè gbé àrùn dìgbòlugi láti àdúgbò kan lọ sí òmíì láìmọ̀, àti pé ẹran tí wọ́n gbé lọ síbi tí ò mọ̀, kò mọ ibi tí oúnjẹ wà, kò ní ihò tó máa sá sí.

Ẹ tún wá gbọ́, kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí òmíì fi kó sínú ihò yẹn. Ilé ṣófo, oúnjẹ wà níwájú ilé, ta ló máa rí i tí ò ní wọ̀ ọ́?

Wáyà tí mo fi ṣọgbà yí oko mi ká ló gbà mí. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 4, mo ri ìsàlẹ̀ ẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 1, mo tẹ̀ ẹ́ síta kó má lè walẹ̀ gbabẹ̀ kọjá, òkè ẹ̀ ńkọ́, mi ò so ó le mọ́ òpó, mo jẹ́ kó máa mì, torí ẹran yìí mọ nǹkan gùn, àmọ́ tó bá gùn ún tí wáyà ń mì lẹ́sẹ̀ ẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀. Ihò yẹn, mi ò fọwọ́ kàn án títí di ìparí oṣù Kẹjọ, torí nígbà yẹn, ọmọ yòówù tí òmíì yẹn bá bí á ti lọ, wọn ò sì ní tíì wọlé lọ sun oorun tí wọ́n máa ń sùn jálẹ̀ ìgbà òtútù. Mo fi ìwé ìròyìn àtijọ́ (kì í ṣe tiyín o) dí ẹnu ẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta kò sẹ́ni tó tì í síta, mo fi mọ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀, mo wá ri wáyà bò ó.

Ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn, tó bá jẹ́ oṣù Karùn-ún lẹ gbé tiyín lọ, ẹ dákun, ẹ lọ wo ẹnu ihò yẹn lónìí.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Eléwédú, Worcester