Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Olùwádìí: Kí Ẹ Tó Lọ Ra Eku

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ìwádìí ní Akọka, ní Ìdí-Àràbà àti ní Yábàá,

Mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú yín bá fẹ́ mọ̀ bóyá májèlé wà nínú ewé tàbí egbò kan, iye eku funfun tí ẹ máa rà ni ẹ kọ́kọ́ ń rò. Mo fẹ́ kí ìbéèrè mìíràn ṣáájú: ṣé ọ̀nà kan wà tí mo lè gbà rí ìdáhùn yìí láìdá ẹranko kankan lóró? Ìgbà tí ẹ bá ń kọ àbá iṣẹ́ yín ni kí ẹ bèèrè rẹ̀, nítorí pé bí eku bá ti wọ inú àgò, tí owó ti jáde, tí ọ̀gá sì ti fọwọ́ sí i, kò sẹ́ni tí yóò tún fẹ́ yí nǹkan kan padà mọ́.

Láti ọdún 1959 ni William Russell àti Rex Burch, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, ti là á sílẹ̀ pé kí olùwádìí kọ́kọ́ wá ohun tí yóò lò dípò ẹranko. Bí kò bá rí i, kí ó dín iye ẹranko náà kù. Èyí tí ó bá sì di dandan, kí ó dín ìrora rẹ̀ kù. Síbẹ̀, mo ṣì ń rí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí wọ́n ti ń fún eku lóògùn títí ìdajì wọn fi kú, kí wọ́n ṣáà lè kọ LD50 sílẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n oògùn tó ń pa ìdajì ẹranko tí a fún un, bẹ́ẹ̀ OECD, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gbé ìlànà ìdánwò kalẹ̀, ti fagi lé ìlànà àtijọ́ yẹn láti ọdún 2002. Ìlànà 423 tí ó wà nílẹ̀ báyìí, eku 3 péré ni ó ń lò ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ó dùn mí gan-an, torí kò sẹ́ni tó fipá mú wọn. Iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú ni wọ́n kàn ń wò kọ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ojú. Láti ọdún 1944 tí John Draize, onímọ̀ májèlé ará Amẹ́ríkà, ti gbé ìlànà tirẹ̀ jáde ni wọ́n ti ń kán ohun èlò ọṣẹ àti ìpara sójú ehoro láàyè, láti mọ̀ bóyá yóò ta ènìyàn lójú. Lónìí, ìlànà OECD 437 gbà wá láyè láti lo ẹyinjú màlúù tí wọ́n ti pa fún jíjẹ, irú èyí tí àwọn alápatà ń pa lójoojúmọ́ ní odò ẹran Oko-Ọba ní Agége. Inú omi oníyọ̀ tí a fi yìnyín yí ká ni a ó ti gbé e wá lọ́jọ́ náà gan-an, a ó sì yọ èyí tó bá ní ìfarapa kúrò. A ó gé awọ fẹ́lẹ́ mímọ́ gaara tó wà níwájú rẹ̀, a ó fi há inú ohun ìdìmú, a ó da ohun olómi tí a fẹ́ yẹ̀ wò sí i fún ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn náà a ó ṣàn án nù. Bí ohun náà bá le, ojú yóò rí i kedere: awọ náà yóò funfun bí omi ògì. Ẹ̀rọ yóò wá wọn bí ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà á kọjá ti dín kù tó. Ìlànà yìí mọ ohun tó ń ba ojú jẹ́ gidi, ó sì mọ èyí tí kò ṣe ojú ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ohun tó bá wà láàárín méjèèjì, ẹ óo ní láti wá ẹ̀rí mìíràn kún un.

Ọ̀nà mìíràn ni ká dán oògùn wò lára sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹyọ ara tín-tìn-tín, tí a ń tọ́ nínú ìgò. Ìyẹn ṣòro díẹ̀, nítorí iná mànàmáná tí ó ń ṣe ségesège. Ẹ má dá a ṣe, ẹ pawọ́ pọ̀ lo ẹ̀rọ tó bá wà.

Ní ti ọ̀gá yín, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ mú ìlànà náà dání, ẹ ṣírò iye owó tí ọ̀nà méjèèjì máa ná yín, kí ẹ sì sọ pé: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo rí ohun kan tí ó lè dín iye eku wa kù, ẹ bá mi wò ó.” Abèèrè kì í ṣìnà. Bí ó bá kọ̀, ẹ ṣì lè bẹ onímọ̀ ìṣirò kí ó bá yín wá iye ẹranko tó kéré jù tí yóò tó, kí ẹ sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ibi tí ìnira ẹranko náà bá dé tí ẹ óo fi dá iṣẹ́ dúró. Bí àwọn tó ń yẹ ìwé yín wò bá sì ní dandan ni kí ẹ fi eku kún un, ẹ fèsì pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti ẹ̀rí. Òfin tí ààrẹ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá ọdún 2022 ti mú kí ó ṣeé ṣe láti fi ẹ̀rí tí kì í ṣe ti ẹranko tọrọ àyè àtidán oògùn tuntun wò lára ènìyàn.

Ẹni tó bá ń kọ àbá iṣẹ́ lọ́wọ́ nínú yín, kí ó fi ìpínrọ̀ kan kún un lónìí, kí ó sọ ibi tí ó wá ọ̀nà mìíràn dé àti ohun tí ó rí, kí ó tó kọ iye ẹranko kankan sílẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Bàbá yín nínú iṣẹ́ ìwádìí, Èkó.