Ẹ Kó Káàdì Láíbìrì Dànù, Ẹ Ò sì Fún Wa Ní Iná

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá kan sọ sí àwa òṣìṣẹ́ láíbìrì lọ́sẹ̀ tó kọjá ni kò jẹ́ kí n dákẹ́. Ó ń mú àwọn àlejò yí ọgbà ká ni, ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ní, "Àwọn aláfẹ́ rèé o, ìwé ni wọ́n jókòó tì látàárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú." Àwọn àlejò bú sẹ́rìn-ín. Àwa náà ṣe bí ẹni ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú wa ò dùn rárá.

Nínú àwa tá a ń ṣiṣẹ́ láíbìrì nílé ẹ̀kọ́ gíga ní Òṣogbo yìí, ta ló ráyè jókòó? Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó wọlé láàárọ̀, a ti nu eruku, a ti to ìwé àná padà sórí pẹpẹ. Ìwé tí wọ́n bá fi sí àyè tí kì í ṣe tirẹ̀ ti sọnù nìyẹn, bó tilẹ̀ wà nínú ilé. Ìwé kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà àyè tirẹ̀. Ìtàn Nàìjíríà, DT 515. Èdè Yorùbá, PL 8821. Ẹ ti ọ̀kan bọ àárín èkejì, ẹ máa wá a tì. Ìwé tuntun náà kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sórí pẹpẹ. A ó kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà, a ó lù ú ní òǹtẹ̀, a ó yẹ inú rẹ̀ wò ká mọ ohun tó dá lé, a ó fún un ní nọ́ńbà, ká tó tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ìgbà tí àwọn NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó yunifásítì, bá ń bọ̀ wá ṣàyẹ̀wò làwọn ọ̀gá ń rántí pé àwọn ní láíbìrì. Páálí á dé lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, wọ́n á ní kó wà lórí pẹpẹ kó tó di Mọ́ńdè! Ká má tíì sọ ti àwọn tó ń kọ pírọ́jẹ́ẹ̀tì, tá a máa jókòó tì láti kọ́ wọn bí wọn ò ṣe ní jí ọ̀rọ̀ olọ́rọ̀ kó látinú Google. (Ìjókòó tá a ń jókòó nìyẹn, kí ọ̀gá wa gbọ́.)

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iná ló ń pa wá jù. Tẹ́lẹ̀, àpótí káàdì wà lẹ́nu ọ̀nà láíbìrì. Iná wà, iná ò sí, akẹ́kọ̀ọ́ á fà á, á rí orúkọ ìwé àti àyè rẹ̀, á sì kọjá síbẹ̀. Wọ́n ní ayé ti di ayé kọ̀ǹpútà, wọ́n kó àpótí jáde, wọ́n gbé Koha wọlé, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń wá ìwé ní láíbìrì. N ò bá Koha jà o. New Zealand ni wọ́n ti ṣe é, láti ọdún 2000 ló ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀fẹ́ ni, ó sì dáa. Àmọ́ tí wọ́n bá ti mú iná lọ, òun náà lọ nìyẹn. Jẹnẹrétọ̀ àwọn ọ̀gá á máa ké lọ́hùn-ún. Tiwa, wọ́n á ní bẹntiróòlù ti wọ́n. Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023 la ti ń gbọ́ orin yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wọkọ̀ láti Ọláìyá á bi mí pé, "Mà, ìwé lórí iṣẹ́ ọ̀gbìn ńkọ́?" Orí mi ni mo máa fi wá a. Ẹ ò lè kó káàdì wa dànù kẹ́ ẹ má fún wa níná!

Sólà ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún, èyí tó jẹ́ ti láíbìrì nìkan. Tí wọ́n bá so ó mọ́ ti ọ́fíìsì, ọ́fíìsì ló máa lò ó tán. Òrùlé wa fẹ̀, oòrùn Òṣogbo ò sì kéré. Kó kọ́kọ́ gbé server, ìyẹn kọ̀ǹpútà àgbà tí Koha wà lórí rẹ̀, kọ̀ǹpútà tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń wá ìwé, àti gílóòbù ibi tí wọ́n ti ń kàwé. Fáànù lè dúró ná. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ so ẹ̀rọ amúlétutù mọ́ ọn, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ gbé kẹ́tùlù wá. Kí wọ́n ti bátìrì mọ́ yàrá, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wa. TETFund, àjọ ìjọba tó ń fi owó ran ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, ń ya owó láíbìrì sọ́tọ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ ìjọba; káwọn aláṣẹ sọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe.

Kí wọ́n tún gba èèyàn síṣẹ́, kí wọ́n sì wá nǹkan ṣe sí ikán.

Kí sólà tó dé, bí àpótí káàdì kankan bá ṣẹ́kù nínú sítọ́ọ̀, kí wọ́n gbé e padà fún wa. A ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń to káàdì.

Òṣìṣẹ́ láíbìrì kan,
Òkè-Fìà, Òṣogbo.